Iṣẹ́ Tí Ìjọba Kò Mọ̀ Sí: Kí Ló Ń Fà Á, Kí Sì Ni Ìjọba Lè Ṣe Sí I?

Bí ẹ bá wọ sọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Mushin tàbí ti káfíńtà kan n'Íbàdàn lónìí, tí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀ pé òṣìṣẹ́ mélòó ló ní, kò ní í ronú kó tó dá yín lóhùn. Mẹ́rin, mẹ́fà, nígbà míì mẹ́jọ. Ó mọ orúkọ wọn, ó mọ ilé tí wọ́n ń gbé, ó mọ èyí tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ wo ìwé ìjọba, yálà ti owó orí ni o, tàbí ti owó ìfẹ̀yìntì, tàbí ti àjọ tó ń rí sí àwọn tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Lójú ìjọba, ọ̀gá yẹn ń dá ṣiṣẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà gan-an, ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò sí nínú ìwé náà.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ la fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Kì í ṣe iṣẹ́ olè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ gbájúẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni: aṣọ ni wọ́n ń rán, búrẹ́dì ni wọ́n ń yan, ilé ni wọ́n ń kọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tó ń sanwó fún un kò jẹ́ kí ìjọba mọ̀ sí i. Kí ọ̀rọ̀ lè rọrùn, a ó máa pè é ní iṣẹ́ abẹ́lẹ̀.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Àjọ ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde lọ́dún 2018 pé bílíọ̀nù méjì ènìyàn ló wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò sí lábẹ́ àbò òfin, iye náà sì lé ní 60 nínú gbogbo 100 ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ láyé. Tiwa tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí tí àjọ NBS ti ìjọba àpapọ̀ ń ṣe lórí iṣẹ́ láti ìparí ọdún 2022 fi hàn pé ó lé ní 90 nínú 100. Lóòótọ́, àgbẹ̀ àti ìyá tó ń dá ta tòmátò tirẹ̀ wà nínú iye yẹn, kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí ẹlòmíràn gbà nìkan. Síbẹ̀, ó fi hàn pé lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ tó wà nínú ìwé gan-an ló ṣàjèjì.

Ìṣirò tí òṣìṣẹ́ ń ṣe

Àwọn aláṣẹ fẹ́ràn láti máa sọ pé nítorí kí ènìyàn má baà san owó orí ló ṣe ń ṣiṣẹ́ abẹ́lẹ̀. Ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ìdí àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fìrídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ télọ̀ kò lè jókòó sílé títí ilé iṣẹ́ ńlá yóò fi ránṣẹ́ pè é. Kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ méjì síwájú rẹ̀ pé kó mú ọ̀kan. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló ní kó dúró ti òun, kí àwọn jọ máa pín owó iṣẹ́, òun náà sì gbà. Lójú àwọn méjèèjì, ọmọ àti bàbá ni wọ́n. Ta ni yóò wá máa fi orúkọ ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba?

Ẹ jẹ́ ká wá mú ẹni tó láǹfààní láti yàn. Ká ní owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦70,000, iye tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ. Bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá wà lára àwọn tí òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 mú, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ìdá 8 nínú 100 lára owó rẹ̀, ìyẹn ₦5,600. Ọ̀gá rẹ̀ yóò fi ìdá 10 tirẹ̀ kún un, ìyẹn ₦7,000. Nítorí náà, ₦12,600 ni yóò máa kúrò láàárín àwọn méjèèjì lóṣooṣù, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì ní í fojú kàn án. Ọmọ ọdún 23 ni òṣìṣẹ́ yẹn. Wọ́n ní yóò rí owó náà gbà bó bá pé ẹni 50 ọdún. Ọdún 27 sí àsìkò yìí nìyẹn, òun náà sì ti rí bí agbára náírà ṣe ń yọ́ bí òrí tí wọ́n gbé sínú oòrùn. Bí ọ̀gá bá sọ fún un pé "jẹ́ ká fi ìwé sílẹ̀, mà á fi ₦3,000 kún owó ẹ," kí lẹ rò pé yóò sọ?

Ohun kan wà tó yẹ ká kíyè sí níbí. Òṣìṣẹ́ yìí kan náà, tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ owó ìfẹ̀yìntì, ń dá àjọ ní ₦1,000 lójoojúmọ́, kì í sì í pa á jẹ. Kì í ṣe pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń fowó pamọ́. Ó mọ alájọ, ó mọ ilé rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí ara ọmọ òun bá gbóná lóru, òun lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Alájọ a máa sá lọ nígbà míì, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ojú tí a mọ̀. Ìjọba kò ní ojú. Ẹni tí òṣìṣẹ́ yìí mọ̀ sí ìjọba ni ẹni tó wá já tíkẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́ níwájú sọ́ọ̀bù, tí òmíràn tún dé lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ mìíràn. Kò sí èyí tó sọ fún un nínú wọn pé nítorí owó tó san yìí, bí nǹkan bá ṣe é, ohun báyìí ni yóò rí gbà.

Ó tún yẹ ká rántí àwọn tí òfin fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́. Àwọn ọmọ wa tó lọ kàwé ní ìlú ọba mọ̀ ọ́n dáadáa. Òfin ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní wákàtí 20 lọ́sẹ̀ láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tí owó ilé àti owó iléèwé wọ̀ lọ́rùn á wá máa ṣe èyí tó kù lábẹ́lẹ̀, kó gba owó lọ́wọ́ kó sì dákẹ́, kódà bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, owó ìtanràn tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ lè san lórí ẹyọ òṣìṣẹ́ kan tí kò láṣẹ iṣẹ́ ti di £45,000 ní ìgbà àkọ́kọ́. Iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ kò tíì tán níbẹ̀.

Bí ìjọba bá lo kùmọ̀

Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ìjọba ni òfin líle. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bràsíl. Mílíọ̀nù ènìyàn ló ń ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níbẹ̀, obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin náà, títí kan àtọmọdọ́mọ àwọn tiwa tó wà ní Bahia. Lọ́dún 2013, wọ́n tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà ṣe kí ọmọ ọ̀dọ̀ lè ní ẹ̀tọ́ bíi ti òṣìṣẹ́ yòókù. Lọ́dún 2015, òfin mìíràn ṣàlàyé bí yóò ṣe rí: wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, owó àfikún fún ẹni tó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, owó àpamọ́ tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ máa san.

Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ó sọ pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ méjì lọ lọ́sẹ̀ nínú ilé kan ṣoṣo ni òfin náà kà sí òṣìṣẹ́ ilé yẹn. Ọ̀pọ̀ ìdílé wá dá ọgbọ́n. Wọ́n ní kí obìnrin tó ń bá àwọn ṣiṣẹ́ máa wá lọ́jọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì, kó gba owó ojúmọ́ rẹ̀, kó máa lọ. Òun náà á wá ilé mìíràn fún àwọn ọjọ́ yòókù. Títí di àsìkò yìí, ó ju ìdajì àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ Bràsíl lọ tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú èyí fún wa, nítorí irú ààlà bẹ́ẹ̀ wà nínú òfin tiwa náà. Òfin ọdún 2014 sọ pé ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló gbọ́dọ̀ san owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀gá tó ní òṣìṣẹ́ 14 yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba ẹnì kan sí i, bó bá sì gbà á, kò ní í yá a lára láti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí òfin bá fi ààlà sí, ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń dúró sí.

Àwọn tó mú un rọrùn

Lọ́dún 1983, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan ní orílẹ̀-èdè Perú, Hernando de Soto, dán nǹkan kan wò pẹ̀lú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n dá sọ́ọ̀bù ìránṣọ kékeré kan sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú Lima, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọ́fíìsì kan dé èkejì láti gba gbogbo ìwé tí òfin béèrè, láìlo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ 289 ló gbà wọ́n. Wọ́n béèrè rìbá lọ́wọ́ wọn nígbà mẹ́wàá, méjì nínú rẹ̀ kò sì ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Télọ̀ wo ló lè ti sọ́ọ̀bù fún ọjọ́ 289? Ohun tí de Soto ń sọ ni pé kì í ṣe pé àwọn òtòṣì ń sá fún òfin. Ẹnu ọ̀nà òfin ló fún jù fún wọn. Lọ́dọ̀ wa, òfin ilé iṣẹ́ ọdún 2020 ti jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lè dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni wọ́n ti ń ṣe ìforúkọsílẹ̀ báyìí. Ìyẹn ti dín wàhálà kù púpọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀gá ló ń gbé wọ ìwé, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́.

Ọ̀nà tó wù wá jù nínú gbogbo ohun tí a gbé yẹ̀ wò tún jẹ́ ti Bràsíl, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí ti ọmọ ọ̀dọ̀ yẹn. Ní ìparí ọdún 2008 ni wọ́n ṣòfin rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2009. MEI ni wọ́n ń pè é, fún oníṣòwò kékeré tó ń dá ṣiṣẹ́. Onígbàjámọ̀, aránṣọ, títí kan ẹni tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá títì, bí àwọn obìnrin tó ń ta acarajé ní Salvador, èyí tí kì í ṣe nǹkan mìíràn ju àkàrà tiwa yìí lọ, gbogbo wọn ló lè forúkọ sílẹ̀. Láti ọdún 2018, ẹni tí owó tó wọlé fún un lọ́dún kò bá ju 81,000 owó Bràsíl lọ ló wà fún. Owó ẹyọ kan ṣoṣo ló ń san lóṣù: ìdá 5 nínú 100 owó oṣù tó kéré jù lọ, àti owó táṣẹ́rẹ́ kan fún ìpínlẹ̀ tàbí ìlú rẹ̀. Ìdá 11 ni tẹ́lẹ̀, wọ́n dín in kù lọ́dún 2011. Nítorí owó yẹn, ó ní ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì, owó ìtọ́jú bí àìsàn bá dá a dúró, àti owó ìsinmi ìbímọ bó bá jẹ́ obìnrin. Ó sì lè gba òṣìṣẹ́ kan sínú ìwé. Àwọn tó ti wọlé sínú ètò náà ti lé ní mílíọ̀nù 10.

Wọn kò fi ọlọ́pàá kó wọn wọ̀ ọ́. Ohun tó fà wọ́n ni pé owó náà kéré, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ń san án sí, ẹni tó san án sì mọ ohun tí òun rà. Kò ṣàìní àléébù tirẹ̀ o. Àwọn ọ̀gá kan ti ń sọ fún òṣìṣẹ́ wọn pé kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń dá ṣòwò, kí ẹrù wọn lè kúrò lọ́rùn ilé iṣẹ́. Ibi tí wọ́n bá ti la ọ̀nà, olè náà a máa gba ibẹ̀ kọjá.

Orílẹ̀-èdè Beljíọ̀mù gba ọ̀nà mìíràn fún àwọn tó ń báni tún ilé ṣe. Láti ọdún 2004, onílé lè ra ìwé ẹ̀rí wákàtí kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 2014, yúrò 9 ni wọ́n ń ta á. Ó fún ẹni tó wá tún ilé ṣe, ẹni náà gbé e lọ fún ilé iṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́, ìjọba sì fi owó kún un títí tó fi lé ní yúrò 20. Obìnrin tó ń gba owó lábẹ́lẹ̀ lánàá wá di òṣìṣẹ́ tó ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi. Àwọn tó wọ inú ètò yìí lé ní 100,000. Ṣùgbọ́n owó tí ìjọba ń ná lé e lórí lé ní bílíọ̀nù kan yúrò lọ́dún. Ká má tan ara wa, èyí kọjá agbára Nàìjíríà.

Owó orí tí kò sí mọ́

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun mẹ́rin, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026. Lábẹ́ òfin yìí, ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá gbà lọ́dún kò ní owó orí kankan lórí. Bí ẹ bá fi 12 sọ ₦70,000 di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ₦840,000 ni, ó lé díẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, òfin náà yọ ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó ń gba ₦100,000 lóṣù ńkọ́? ₦1,200,000 ni tirẹ̀ lọ́dún. Bí a bá yọ ₦800,000 kúrò, ₦400,000 ló kù, ìdá 15 nínú 100 sì ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀: ₦60,000 lọ́dún, ìyẹn ₦5,000 lóṣù, kó tó di pé a yọ àwọn ohun tí òfin fàyè sílẹ̀ fún.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sá pamọ́ nítorí owó orí lọ́dọ̀ wa ń sá fún gbèsè tí wọn kò jẹ. Ohun tí wọ́n sì ń pàdánù níbi tí wọ́n sá sí kì í ṣe kékeré.

Ká ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ káfíńtà kan. Ọ̀gá ló máa gbé e lọ sí ọsibítù, ọ̀gá ló máa sanwó, àwọn ẹbí yóò sì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Sọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ọdún mẹ́wàá kọ́ lè tú ká láàárín oṣù kan. Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe òfin ọdún 2010 lórí àwọn tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ìdá kan péré nínú 100 owó tí ọ̀gá ń san fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ń lọ sọ́dọ̀ àjọ NSITF. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ₦70,000 ń san ₦420,000 lóṣù. ₦4,200 ni ìdá kan rẹ̀. Ọ̀gá ló ń san án, kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, òṣìṣẹ́ kò ní láti fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀gá ló jẹ̀bi kí wọ́n tó ṣètọ́jú rẹ̀. Bó bá kú, tó fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, òfin ní kí wọ́n máa san ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ fún wọn. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ láàárín ọjọ́ 14, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àjọ náà gbọ́ láàárín ọjọ́ 7.

Lérò tiwa, ibí ló yẹ kí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀. Ètò owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, tí àjọ PenCom bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ti gbìyànjú: wọ́n ṣètò pé ẹni tó ń dá owó náà lè mú ìdá 40 nínú 100 rẹ̀ nígbà tí nǹkan bá le, kí ìdá 60 yòókù dúró de ọjọ́ ogbó. Ọgbọ́n alájọ ni wọ́n yá lò. Síbẹ̀, iye tó forúkọ sílẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà nílẹ̀ yìí, nítorí kò sí ẹni tó gbé e dé ẹnu ọ̀nà wọn bí alájọ ṣe ń ṣe. Bí ìjọba bá lè so owó ìtọ́jú lẹ́nu iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì àti owó orí pọ̀ di owó ẹyọ kan tó kéré, kí rìsíìtì rẹ̀ sì jẹ́ ìdáhùn fún gbogbo àwọn oní-tíkẹ́ẹ̀tì, a kò rò pé wọn yóò nílò láti ti sọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni pa kí àwọn ènìyàn tó yọjú.

Fún àwọn òǹkàwé wa tó bá fẹ́ gbé orúkọ òṣìṣẹ́ wọn wọ ìwé báyìí, ẹ mọ̀ pé owó orí tí ẹ bá yọ lára owó oṣù gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba kó tó kọjá ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e, àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ san fún òṣìṣẹ́ láàárín ọdún sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó di ìparí oṣù Kìíní ọdún tuntun. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó náà, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí sọ́ọ̀bù wà. Ẹni tó ń sùn ní Mowe tó ń wá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ni kí ẹ san tirẹ̀ fún.